Bí Fà-á-kó-le Ṣe Kọ́ Ẹ̀rọ Ìránṣọ

Àbúrò mi obìnrin ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Kì í ṣe ẹni ńlá. Ó fọ aṣọ ní ọsibítù fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ẹsẹ̀ rẹ̀ bàjẹ́ níbẹ̀, ó sì wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀rọ ránṣọ nígbà tó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta. Bó ṣe kọ́ ọ ni mo fẹ́ sọ. Ẹni tó mọ̀wé ì bá ti fi ọ̀rọ̀ dídùn kùn ún. Bíríkìlà ni mí. Bí ògiri bá ti dúró, mi ò mọ ohun tí ọ̀dà ń wá níbẹ̀.

Níbi iṣẹ́, Fà-á-kó-le ni wọ́n ń pè é. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì ọsibítù gùn, ẹnì kan kò lè dá a ká. Ẹni méjì ní í dúró, tibí á di etí kan mú, tọ̀hún á di etí kejì mú, wọ́n á fà á títí á fi le bíi pákó, kí wọ́n tó ká a. Àbúrò mi kì í gba ìfà ọ̀lẹ. "Fà á kó le!" Igbe rẹ̀ nìyẹn láti àárọ̀ dé ọ̀sán. Obìnrin tí wọ́n jọ ń fà á, ẹni tó sanra, tó sì máa ń rẹ́rìn-ín kí ọ̀rọ̀ tó tán lẹ́nu ẹni, Ẹnìkejì ni àbúrò mi ń pè é. Ọdún mọ́kàndínlógún ni wọ́n fi kọjú síra wọn, aṣọ láàárín wọn. Àbúrò mi ní òun wo ojú Ẹnìkejì ju bí òun ṣe wo ojú ọkọ òun lọ. Ọkọ náà ti kú, kò lè bínú.

Mo ti dé yàrá ìfọṣọ yẹn rí. Èmi ni mo tẹ́ sìmẹ́ńtì ilẹ̀ rẹ̀ nígbà kan. Wọ́n ní kí n tẹ́ ẹ kó le, mo sì tẹ́ ẹ kó le. Mi ò mọ̀ nígbà náà pé orí rẹ̀ ni àbúrò mi máa dúró sí títí ẹsẹ̀ rẹ̀ á fi bàjẹ́. Omi kì í gbẹ nílẹ̀ ibẹ̀. Ẹ̀rọ ìfọṣọ mẹ́rin ń kùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ní ìkángun yàrá ni áyọ́ọ̀nù ńlá wà, ó gùn tó ilẹ̀kùn, ó ní ìdérí irin bíi ti àpótí. Wọ́n á tẹ́ aṣọ sínú rẹ̀, wọ́n á gbé ìdérí sílẹ̀, aṣọ á jáde pẹlẹbẹ. Òfin kan ló wà níbẹ̀: ìdérí kì í wà lókè lásán. Kí o tó nu ún, kí o tó na ọwọ́ sí ohunkóhun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kọ́kọ́ gbé ìdérí sílẹ̀. Ní ọdún kẹta tí àbúrò mi débẹ̀, obìnrin kan gbàgbé. Ìdérí já lu ọwọ́ rẹ̀. Àbúrò mi ló fi aṣọ tútù wé ọwọ́ náà. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún mi, kò sì tún un sọ mọ́.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn ni ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Lákọ̀ọ́kọ́, ìrọ̀lẹ́ nìkan ni. Nígbà tó yá, ó ń jí pẹ̀lú rẹ̀. Ó fi ọ̀bẹ gé etí bàtà rẹ̀ kí ẹsẹ̀ lè ráyè wọlé. Dókítà ní kò gbọ́dọ̀ dúró ju wákàtí kan lọ lójúmọ́.

"Dókítà," ni àbúrò mi wí, "wákàtí kan ni mo fi dúró kí n tó rí yín."

Dókítà kọ oògùn fún un.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀gá yàrá ìfọṣọ pè é. Obìnrin ni ọ̀gá náà, àbúrò mi lè bí i. Kì í ṣe ẹni burúkú. Ó kàn jẹ́ pé kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni, mo sì fẹ́ràn ìyẹn lára rẹ̀.

"Ìyá, mo rí ẹsẹ̀ yín."

"Ẹsẹ̀ ni, ọ̀gá. Ó ṣì ń gbé mi."

"Kò ní pẹ́ tí kò fi ní gbé yín mọ́. Ẹ gbọ́. Ẹni tó ń tún aṣọ ṣe fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀. Iṣẹ́ ìjókòó ni. Ṣé ẹ mọ maṣíìnì lò?"

Àbúrò mi kò fọwọ́ kan maṣíìnì rí láyé rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ọwọ́ ló mọ̀.

"Mo mọ̀ ọ́n díẹ̀," ló wí.

"Ó dáa. Ọjọ́ Mọ́ńdè, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí òní, ẹ máa rán aṣọ bẹ́ẹ̀dì kan níwájú mi. Bó bá dì, iṣẹ́ yẹn di tiyín. Bí kò bá dì, mi ò ní iṣẹ́ ìjókòó mìíràn. Ilé ló kù nìyẹn, ìyá. Mi ò lè jẹ́ kẹ́ ẹ ṣubú sórí omi mọ́ mi lọ́wọ́."

Nígbà tó délé, ó sọ fún mi. Inú ilé kan náà la ń gbé láti ìgbà tí ìyàwó mi àti ọkọ àbúrò mi ti kú, yàrá méjì, ilé ìdáná kan. Mo bi í pé kí ló dé tó fi purọ́.

"Bọ̀ọ̀dá mi," ló wí, "àga tó wà ní yàrá yẹn, tìmùtìmù wà lórí ẹ̀."

Mo gbé oúnjẹ wá fún un.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ń gbé pẹ̀lú ọkọ níbòmíràn, ló fi ẹ̀rọ ránṣẹ́. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta báàkẹ́ẹ̀tì àti abọ́ ike ló ti rà á. Kò wọ́n, kò sì fara jọ ohun tó wọ́n. Ike ni ara rẹ̀, funfun, ìlà búlúù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo fi ọwọ́ kan gbé e. Ẹ̀rọ ìránṣọ tí mo mọ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ọkùnrin méjì ló ń gbé e, wọ́n á sì máa bú ara wọn lọ́nà.

Ìwé pẹlẹbẹ kan wà nínú páálí rẹ̀. A ò gbọ́ èdè tó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwòrán pọ̀: ọwọ́ tí kò ní ara, òwú, ọfà wẹ́wẹ́, nọ́ńbà láti oókan dé ẹẹ́fà. Àbúrò mi fi ìka tọ ọ̀nà òwú náà láti oókan dé ẹẹ́fà, ó ní, "Kò le." Nígbàkígbà tí ẹnikẹ́ni bá ti sọ bẹ́ẹ̀ níbi iṣẹ́ mi, mo máa ń sún kúrò lábẹ́ àkàbà rẹ̀.

Ó gbé ẹ̀rọ náà sórí tábìlì tí a ti ń jẹun, lẹ́bàá fèrèsé. Láti ọjọ́ náà, orí itan la ti ń jẹun.

Aago mẹ́ta ọ̀sán ló máa ń ti ibi iṣẹ́ dé. Á ki ẹsẹ̀ bọ inú omi gbígbóná nínú bàsíà, á jókòó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí omi bá ti tutù, á nu ẹsẹ̀, á lọ sídìí tábìlì. Ohun kan wà nílẹ̀ tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ kí ẹ̀rọ tó lè ṣiṣẹ́. Ẹsẹ̀ tó wú kì í mọ bí òun ti wúwo tó. Bó bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, ẹ̀rọ á pariwo, á gbé aṣọ sá lọ. Ó wá ń fi ẹsẹ̀ òsì tẹ̀ ẹ́, èyí tí kò wú tó ìkejì.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, abẹ́rẹ́ ló fi ń ṣẹ́. Mẹ́rin. Aṣọ ló ń fà. Ẹ̀rọ náà ní eyín wẹ́wẹ́ lábẹ́ tó ń ti aṣọ lọ díẹ̀díẹ̀ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n àbúrò mi á di aṣọ mú níwájú, á tún di í mú lẹ́yìn, á fà á kó le. Abẹ́rẹ́ á tẹ̀, á kan irin, pà!

"Kò sí ẹnì kankan ní apá ọ̀hún," mo sọ fún un.

"Mo mọ̀," ló wí. "Ọwọ́ mi ni ò mọ̀."

Ó gbà á ní ọjọ́ márùn-ún kí ọwọ́ náà tó mọ̀. Lẹ́yìn náà ni wàhálà gidi dé.

Bó bá rán aṣọ, ojú rẹ̀ á dára. Bó bá yí i padà, òwú á ti lọ́ pọ̀ mọ́ra lábẹ́, á ki, á ta kókó, á dà bíi kànìnkànìn tí wọ́n fi ń wẹ̀. Á fi sísọ́ọ̀sì gé e, á tú u, á gbá òwú kúrò nílẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀. Kànìnkànìn. Á tún un ṣe. Kànìnkànìn. Ìgbà mìíràn, á ṣe é ní ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án kí oòrùn tó wọ̀. Kò bú ẹ̀rọ náà. Kò ní agbára tó lè fi bú nǹkan mọ́. Á kàn mí kanlẹ̀, á tún tú u.

Télọ̀ kan wà ní òpin àdúgbò wa, ọkùnrin tí ẹnu rẹ̀ mú ju sísọ́ọ̀sì rẹ̀ lọ. Àbúrò mi gbé ẹ̀rọ náà sínú àpò, èmi ni mo bá a gbé e dé ibẹ̀. Àwọn oníbàárà méjì wà lórí bẹ́ǹṣì.

"Ìyá, kí lẹ gbé wá yìí? Ohun ìṣeré?"

"Maṣíìnì ni."

"Ta ló purọ́ fún yín?" Ó mú aṣọ tí àbúrò mi rán, ó yí i padà, ó gbé e sókè kí àwọn oníbàárà lè rí i. "Ṣé aṣọ lẹ ń rán ni, àbí kànìnkànìn lẹ fẹ́ máa tà?"

"Bí o bá bá mi tún un ṣe tán, màá fi ọ̀kan fọ ẹnu yẹn fún ọ."

Àwọn oníbàárà bú sẹ́rìn-ín. Télọ̀ náà rẹ́rìn-ín, ó fa àga. Ó ṣí abẹ́ ẹ̀rọ, ó yọ bọ́bìnì, ìyẹn ìdì òwú kékeré tó máa ń wà lábẹ́, ó fẹ́ atẹ́gùn sí ihò rẹ̀, ó yí ìdè kan díẹ̀.

"Ìsàlẹ̀ ni kókó wà, ìsàlẹ̀ náà ni wàhálà wà," ló wí.

Ó fi òwú tirẹ̀ sí i, ó rán aṣọ. Ìlà rẹ̀ tínrín, ó gún, lójú àti lẹ́yìn. Ó yọ òwú rẹ̀, ó ká a padà sídìí rẹ̀, nítorí pé télọ̀ kì í fi òwú tọrẹ.

"Ẹ rí i? Kò sí ohun tó ṣe é. Ẹ̀yin ni kò fẹ́ràn."

A gbé e délé. Àbúrò mi fi òwú tirẹ̀ sí i. Kànìnkànìn.

Ẹ̀ẹ̀mẹta la lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló rán dáadáa lọ́wọ́ télọ̀. Ní ìkẹta, ọkùnrin náà kò ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́, àánú ti ń ṣe é, ìyẹn sì burú ju yẹ̀yẹ́ lọ.

"Ìyá, ẹ jẹ́ kí n bá yín rán ohun tẹ́ ẹ fẹ́ rán. Ọ̀fẹ́ ni."

"O ṣeun. Ṣé wàá tún bá mi lọ jókòó lórí àga ọ̀hún?"

Kò yé e. A gbé ẹ̀rọ wa, a lọ.

Ẹnìkejì ló ń fún un ní aṣọ tó fi ń kọ́ ọ, àwọn aṣọ bẹ́ẹ̀dì tí ọ̀gá ti ní kí wọ́n sọ nù. Ó máa ń dì wọ́n sínú báàgì fún un lójoojúmọ́. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ní yàrá àtúnṣe yẹn, kò ní ẹwà, ṣùgbọ́n ọgbọ́n wà níbẹ̀. Àárín ni aṣọ bẹ́ẹ̀dì ti máa ń gbó, nítorí àárín ni aláìsàn ń sùn sí. Wọ́n á fi sísọ́ọ̀sì la á sí méjì lóòró. Etí méjèèjì tí ẹnikẹ́ni kò sùn lé ṣì lágbára. Wọ́n á kó wọn wá sáàárín, wọ́n á rán wọn pọ̀, ibi tó gbó á di etí. Aṣọ náà á tún lo ọdún méjì, ọdún mẹ́ta. Nígbà tí àbúrò mi ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, mo ní ì bá dára ká ní èèyàn pẹ̀lú ṣeé là bẹ́ẹ̀.

"Ta ló máa rán an?" ló bi mí.

Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ kejì, ara Ẹnìkejì kò yá, kò wá síbi iṣẹ́. Àbúrò mi fi etí aṣọ kọ́ ìṣó ara ògiri, ó ń dá a fà. Nígbà tó délé, kò lè tẹ ara rẹ̀ ba láti tú bàtà. Èmi ni mo bá a tú u. Kò béèrè omi. Ó lọ tààrà sídìí tábìlì, ojú rẹ̀ ń pa dé, ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe ohun tó ń ṣe. Mo lọ sẹ́yìn ilé láti lọ kó aṣọ gbígbẹ. Mo ń gbọ́ ẹ̀rọ tó ń lọ, ó dákẹ́, ó tún lọ. Lẹ́yìn náà, mi ò gbọ́ nǹkan kan.

"Bọ̀ọ̀dá! Ẹ wá!"

Aṣọ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yí i sójú, ó yí i sẹ́yìn. Ojú dára. Ẹ̀yìn dára. Kò sí kànìnkànìn.

Inú wa dùn bíi ti ọmọdé. Ó jẹun, ó bu omi mu. Òwú inú ẹ̀rọ ti já, ó wá jókòó dáadáa báyìí, ojú rẹ̀ là, ó fi òwú mìíràn sí i pẹ̀lú ọgbọ́n àti ìfarabalẹ̀. Ó rán an.

Kànìnkànìn.

Kò sunkún. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé tábìlì, ó ń wo fèrèsé.

"Ó rẹ̀ mí," ló wí. Ó tún ní, "Ó jọ pé ìgbà tí mi ò bá mọ ohun tí mò ń ṣe ló máa ń dáa."

Mo jókòó tì í. Mi ò mọ nǹkan kan nípa aṣọ rírán. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pè mí pé ìsàlẹ̀ ògiri kan rin, òrùlé ni mo kọ́kọ́ máa ń wò. Omi kì í sábà jókòó síbi tó ti wọlé. Mo sọ fún un bẹ́ẹ̀.

"Kí ló wá wà lókè?"

"Èmi kọ́ ni mo máa mọ̀. Tún un ṣe. Rọra. Ohun tí ò ń ṣe, máa sọ ọ́ sókè."

Ó tú gbogbo òwú kúrò.

"Mo gbé ìdì òwú sórí èyí."

"Ẹn-ẹn."

"Mo gbé ẹsẹ̀ ẹ̀ sílẹ̀."

Irin kékeré tó ń tẹ aṣọ mọ́lẹ̀ lábẹ́ abẹ́rẹ́ ló ń sọ. Ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ni télọ̀ ń pè é. Ọwọ́ irin kan wà lẹ́yìn tí wọ́n fi ń gbé e sókè tí wọ́n sì fi ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

"Ṣé bẹ́ẹ̀ ló wà nínú ìwé?"

Ó fa ìwé náà sún mọ́ra. Ó wò ó. Ó gbé e lọ síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Nínú àwòrán àkọ́kọ́, òkè ni ẹsẹ̀ ẹ̀rọ wà, ọfà wínníwínní kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó kọjú sókè. Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ kan tí àwa méjèèjì ti ń rí ọfà yẹn. A rò pé wọ́n kàn fi ṣe ọ̀ṣọ́ ni.

"Òkè ló wà," ló wí.

"Kí ló wá dé tí ìwọ fi ń kọ́kọ́ gbé e sílẹ̀?"

"Kó má baà..."

Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó wo irin náà. Irin kékeré, kò tó ìka ọmọ ọwọ́. Mo rántí obìnrin tí ìdérí já lù lọ́wọ́, mo sì mọ̀ pé obìnrin yẹn ni àbúrò mi náà ń rántí. Ọdún mẹ́tàlélógún ni ọwọ́ yẹn fi ń kọ́kọ́ gbé ìdérí sílẹ̀ kó tó ṣe ohun mìíràn.

"Kò sí iná nínú èyí," ló wí. Ó wí i jẹ́jẹ́, bí ẹni ń sọ fún ọmọ tó ń sùn.

Ó gbé ẹsẹ̀ ẹ̀rọ sókè, ó tẹ ojú rẹ̀ mọ́ ihò tóóró tí òwú ń gbà kọjá lókè. Ó ní kí n wá wò ó. Irin pẹlẹbẹ méjì ló wà nínú ibẹ̀, wọ́n dà bí ètè. Bí ẹsẹ̀ bá wà lókè, ètè là. Bí ẹsẹ̀ bá wálẹ̀, ètè pa dé, òun ló máa wá di òwú mú kó má baà tú jù. Láti ọjọ́ yìí wá, ẹnu tó ti pa dé ni àbúrò mi ń gbé òwú lé. Òwú kò wọlé rí. Ó kàn ń yọ̀ lọ lórí ètè, ó sì ń kó jọ sábẹ́. Lọ́jọ́ tó rẹ̀ ẹ́ jù, ó gbàgbé láti gbé ẹsẹ̀ sílẹ̀ kó tó fi òwú sí i ni. Télọ̀ náà máa ń gbé e sókè ní tirẹ̀, kò sì mọ̀ pé òun ń gbé e, bí àbúrò mi kò ṣe mọ̀ pé òun ń gbé e sílẹ̀. Bí iṣẹ́ ṣe rí nìyẹn.

Ọjọ́ tó kù, ó fi rán aṣọ. Ó máa ń sọ ọ́ sókè kó tó fi òwú sí i: "Gbé e sókè ná." Mo ń gbọ́ ọ láti ilé ìdáná. Ìgbà mìíràn, ọwọ́ rẹ̀ á ti dé orí irin náà láti gbé e sílẹ̀, á gbá ọwọ́ náà pẹ̀lú ọwọ́ kejì. Ìlà tó ń rán kò gún. Ó ń wọ́ bí ọ̀nà ewúrẹ́. Ṣùgbọ́n kò lọ́ lábẹ́ mọ́.

Ọjọ́ Mọ́ńdè pé. Mi ò sí níbẹ̀. Ohun tí Ẹnìkejì sọ fún mi ni mò ń sọ, mo sì ti yọ ìdajì kúrò nínú rẹ̀, nítorí ó máa ń bù mọ́ ọn.

Yàrá àtúnṣe kéré. Fèrèsé kan, pẹpẹ aṣọ, tábìlì, àga pẹ̀lú tìmùtìmù rẹ̀. Ẹ̀rọ ibẹ̀ kì í ṣe ike, irin dúdú ni, ó tóbi. Àbúrò mi sún mọ́ ọn. Ó yí i po lẹ́ẹ̀kan, ó wá ihò tóóró náà, ó rí i. Ó wá ẹsẹ̀ rẹ̀, ó rí i. Ọ̀gá dúró sẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó ká ọwọ́ lẹ́yìn.

"Gbé e sókè ná," ni àbúrò mi wí.

"Kí lẹ sọ, ìyá?"

"Ẹ̀rọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀, ọ̀gá."

Ó la aṣọ sí méjì, ó kó etí wá sáàárín, ó rán an. Ó pẹ́. Ọ̀gá kò jókòó. Nígbà tó parí, ọ̀gá gbé aṣọ náà sójú fèrèsé.

"Kò gún."

"Kò gún, ọ̀gá."

"Ẹni tí ara rẹ̀ ò yá kò ní mọ̀ bóyá ó gún. Ṣé ó dì?"

"Mi ò mọ̀."

Ọ̀gá wò ó. Ó jọ pé òótọ́ náà yà á lẹ́nu. "Ẹ jẹ́ ká fọ̀ ọ́," ló wí.

Wọ́n ju aṣọ náà sínú ẹ̀rọ ìfọṣọ pẹ̀lú àwọn yòókù. Àbúrò mi kò padà jókòó lórí àga yẹn, nítorí kò tíì jẹ́ tirẹ̀. Ó dúró lórí sìmẹ́ńtì mi títí omi fi ṣàn jáde. Aṣọ náà wọ abẹ́ áyọ́ọ̀nù ńlá, ó jáde pẹlẹbẹ. Wàyí o, ó di kíká. Ẹnìkejì di etí kan mú. Ọ̀gá ní kí àbúrò mi di ìkejì mú.

Wọ́n dojú kọra bíi ti ọdún mọ́kàndínlógún. Àbúrò mi fà á. Ẹnìkejì fà á.

Ìfà Ẹnìkejì dẹ̀. Ó dẹ̀ gan-an. Ó ń dibọ́n ni, ó fún ojú pọ̀ bí ẹni tó ń làágùn, ṣùgbọ́n aṣọ náà ń mì láàárín bí aṣọ tó wà lórí okùn. Ó mọ ohun tó wà nídìí rẹ̀. Ọ̀gá kò mọ̀. Kò tíì ká aṣọ rí. Bí àbúrò mi bá pa ẹnu mọ́, tí wọ́n sì ká a, ó parí.

Ẹnìkejì ní òun ń fi ojú bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ń sọ ọ́ nínú pé, dákẹ́, ọ̀rẹ́ mi, dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan yìí péré.

"Fà á kó le," ni àbúrò mi wí.

"Mò ń fà á."

"O ò fà á. Fà á kó le!"

Ẹnìkejì bú u. Mi ò ní kọ èébú náà síbí. Lẹ́yìn náà, ó fi ẹsẹ̀ ta ilẹ̀, ó fà á pẹ̀lú gbogbo ọ̀rá ara rẹ̀, àbúrò mi náà fà á, aṣọ le bíi pákó, òwú náà dún, kín-ín-ín. Gbogbo yàrá ń wò wọ́n.

Ó dì.

Ọ̀gá wá síbẹ̀, ó fi ìka tọ ìlà náà láti òkè. Ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, ó ti tú, ó tó ìwọ̀n ìka méjì.

"Kí ló ṣe ibí yìí?"

Àbúrò mi sún mọ́ ọn, ó wò ó. "Mi ò so orí òwú."

"Ẹ máa so ó nígbà mìíràn," ni ọ̀gá wí, ó sì lọ.

Ó gba Ẹnìkejì ní àkókò díẹ̀ kó tó yé e pé "nígbà mìíràn" yẹn ni ìdáhùn. Ó wá ké. Àbúrò mi kò ké. Ó ti lọ sínú yàrá kékeré náà, ó ti jókòó.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó wọlé, ó ki ẹsẹ̀ bọ inú bàsíà. Mo bi í pé báwo. Ó sọ díẹ̀ fún mi, Ẹnìkejì ló wá sọ ìyókù lẹ́yìn náà.

"Àga náà ńkọ́?"

"Àga dáa." Ó pa ojú dé, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri. "Tìmùtìmù yẹn ni. Òwú inú ẹ̀ ti tán. Pákó ni mo jókòó lé."

Mo ní kó rán òmíràn. Ẹ̀rọ kúkú ń bẹ lórí tábìlì.

Ó ní kí n jẹ́ kí òun sinmi ná.